Ọjọ́ Ìbò Márùn-ún àti Pákó Pósí Ọ̀gá Mi

Nígbà tí àwọn ológun pinnu pé àwọn yóò padà sí bárékè, tí wọ́n sì ní kí aráàlú yan àwọn tí yóò jókòó sórí àga lẹ́yìn wọn, wọn kò fi ìbò náà sí ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọjọ́ Àbámẹ́ta márùn-ún ni wọ́n pín in sí. A ó dìbò fún aṣòfin àgbà ní ọjọ́ kìíní, a ó dìbò fún aṣojú-ṣòfin ní ọjọ́ kejì, ti ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ yóò tẹ̀ lé e, ti gómìnà yóò tún tẹ̀ lé ìyẹn, a ó sì sinmi ọ̀sẹ̀ kan kí a tó wá dìbò fún ààrẹ. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara ni a wà nígbà náà, Ìlọrin sì ni àṣẹ ti ń wá bá wa ní Kàbà, bí ó bá rí ọkọ̀ wọ̀.

Mo ti pé ọgbọ̀n ọdún, n kò sì tíì dìbò rí. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù lẹ́rẹ̀kẹ́ mi ni ológun ti wà lórí àga. Ìyá mi kò dìbò rí pẹ̀lú, nítorí ní ayé ìgbà tí Kàdúná ń ṣàkóso wa, wọn kì í jẹ́ kí obìnrin apá Àríwá dé ìdí àpótí ìbò. Nítorí náà, bí èmi àti ìyá mi ti ń dúró de ọjọ́ náà, bí ẹni tí ó ń dúró de àlejò pàtàkì ni. Mo ti fi káàdì ìdìbò mi pamọ́ sínú ọ̀rá. Mo ti mọ ẹni tí n ó tẹ̀ka fún. Àyè láti dé ibẹ̀ nìkan ni ó kù.

Akọ̀wé ni mí ní iléeṣẹ́ ìlagi kan ní Kàbà, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní sọ́mìlì. Òṣìṣẹ́ mẹ́jọ ni wá. Ọmọ Kàbà ni ọ̀gá tí ó ni ín. Olóyè ni, alàgbà ìjọ ni, ohùn rẹ̀ sì lè borí ariwo ayùn láìsí pé ó gbé e sókè. Yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀, kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó forúkọ sílẹ̀ fún ìbò ní Kàbà. Ní ilẹ̀ wa, bí ènìyàn fi ogún ọdún ṣiṣẹ́ ní ìlú kan, àlejò ni ó ṣì jẹ́ níbẹ̀; ilé ni wọ́n ti ń kà á mọ́ ènìyàn, ilé náà ni wọ́n ti ń sin ín. Iyara ní ilẹ̀ Ìjùmú ni mo ti gba káàdì tèmi. Lágilági àgbà, ẹni tí ó ń tọ́ ayùn ńlá, gba tirẹ̀ ní Òkè-Bùkún ní ilẹ̀ Bùnù. Àwọn yòókù gba tiwọn ní Ekinrin-Adde àti káàkiri. Ìyẹn ni pé ìsinmi wákàtí kan kò lè wúlò fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọjọ́ kan gbáko ni a nílò, ní ìgbà márùn-ún.

Ìjọba sì ti kéde lórí rédíò pé kí gbogbo agbanisíṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn láyè láti lọ dìbò. Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ. Mo jókòó, mo sì kọ lẹ́tà sí ọ̀gá pé kí ó dá wa sílẹ̀ “gẹ́gẹ́ bí òfin ti pàṣẹ fún gbogbo agbanisíṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí.” Ọ̀gá gba lẹ́tà náà, ó gbé ife tíì lé e, ó ní òun kò rí gíláàsì ojú òun.

Síbẹ̀, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́, ó dá àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Ó tilẹ̀ gbàdúrà fún wọn. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń wọ bàtà mi, ó pè mí.

“Akọ̀wé, ìwọ dúró. Àwọn oníbàárà Lọ́kọ́ja ń bọ̀ wá wo igi. Tìrẹ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Mo gbà á gbọ́. Mo jókòó ti igi títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn oníbàárà Lọ́kọ́ja kò wá.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo kọ lẹ́tà mìíràn, mo sì mú àwọn òṣìṣẹ́ tò sẹ́yìn mi. Ọ̀gá wò wá bí ẹni tí ó rí ewúrẹ́ lórí àjà.

“Ìbò wo? Ṣebí ẹ ti dìbò?”

“Ti àwọn aṣòfin àgbà nìyẹn, ọ̀gá,” ni mo wí. “Àwọn aṣojú-ṣòfin ló kàn.”

“Kí ló ṣe tàkọ́kọ́? Ó ti bàjẹ́ ni?”

“Kò bàjẹ́, ọ̀gá.”

“Wọ́n jí i gbé?”

“Wọn ò jí i gbé.”

“Ó dáa. Kò bàjẹ́, wọn ò sì jí i gbé. Kí lẹ tún ń wá lọ síbẹ̀? Ẹni tó gbéyàwó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ṣé ó tún ń padà lọ gbé e lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kejì?”

Lágilági àgbà dáhùn láti ẹ̀yìn pé, “Ọ̀gá, àwọn mìíràn ń gbé márùn-ún.”

“Kì í ṣe lásìkò iṣẹ́ mi! Ẹ tan ẹ̀rọ!”

Wọ́n tan ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tí ó dìbò nínú wa, àyàfi ọ̀gá, ẹni tí ó ní òun ń lọ kí ọ̀rẹ́ kan, tí ó sì padà dé pẹ̀lú tàdáwà ní àtàǹpàkò.

Ohun kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà kì í kọ̀: òkú. Bí òkú bá ṣẹ òṣìṣẹ́ rẹ̀, kò ní béèrè ọjọ́ mélòó. Yóò ṣí fìlà, yóò kẹ́dùn, yóò sì fún un ní pákó tí ó tó kan pósí. Àṣà sọ́mìlì wa ni, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé ó fi ahun ṣe é. Ojúlówó pákó ni, tí ó gbẹ, tí kò ní ihò kòkòrò. Mo fẹ́ kí ẹ rántí pé mo sọ èyí nípa rẹ̀, kí ẹ má bàa rò pé ìkà ènìyàn ni mo ń ròyìn.

Ní ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta, lágilági àgbà wọlé pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́ àti ojú tí ó rẹ̀ wálẹ̀.

“Ọ̀gá, àbúrò bàbá ìyàwó mi ti lọ.”

“Háà! Ó mà ṣe o. Ọjọ́ wo lẹ ó sin ín?”

“Àbámẹ́ta ni, ọ̀gá.”

“Má wulẹ̀ dúró. Mú pákó mẹ́fà. Mú tó dáa.”

Ní ọjọ́ Ajé, ó padà dé. Àtàǹpàkò rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

“Ẹ kú ìnáwó òkú o,” ni mo wí fún un.

“Òkú náà dùn, akọ̀wé. Èrò pọ̀. A tò sórí ìlà.”

“Pákó ńkọ́?”

“Mo ti fi kan ilẹ̀kùn ilé ìdáná.”

Ọ̀rọ̀ náà tàn ká abẹ́ ayùn. Kí ọ̀sẹ̀ kẹrin tó parí, òkú ti ṣẹ àwọn mẹ́ta mìíràn. Ẹ̀gbọ́n ẹnì kan kú ní Ekinrin-Adde, àna ẹnì kan kú, ẹnì kẹta kò tilẹ̀ lè rántí ẹni tí ó kú fún un, ó kàn ń sunkún ni. Lágilági àgbà ní ti òun, ọjọ́ kẹjọ òkú òun ni. Ọ̀gá fún gbogbo wọn láyè, ó fún gbogbo wọn ní pákó, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́.

“Akọ̀wé, kí ló ń pa wọ́n ní Bùnù àti Ìjùmú? Kí ló dé tó jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń kú kí Àbámẹ́ta tó pé?”

Mo ní òfin ìdìbò ni kí ó béèrè. Ó ní kí n má fi òkú ṣeré. Ó sì ránṣẹ́ sí àwọn wolé-wolé pé kí wọ́n lọ yẹ omi àwọn ìlú náà wò.

Nígbà tí ó di pé ìbò ààrẹ nìkan ni ó kù, ẹnì kan ṣoṣo ni kò tíì dìbò lẹ́ẹ̀kan péré nínú sọ́mìlì wa. Èmi ni, èmi tí mo mọ òfin. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí mo bá dé Iyara ní ọjọ́ Ìsinmi, ìyá mi yóò na àtàǹpàkò rẹ̀ sí mi. Ó ti dìbò nígbà mẹ́rin.

“Ìwọ tó kàwé dà?” yóò wí. “Wò ó bí àtàǹpàkò rẹ ti mọ́ bíi ti ọmọ jòjòló. Ṣé inú ìwé nìkan lo ti ń dìbò ni?”

Lágilági àgbà náà dá mi dúró ní ẹ̀yìn ilé tí a ń kó pákó sí.

“Akọ̀wé, pa ẹnì kan. Ìyá ìyá rẹ ńkọ́?”

“Ó ti kú láti ọdún mẹ́ta.”

“Ṣé ọ̀gá mọ̀?”

“Ó mọ̀. Ó fún mi ní pákó.”

“Háà! O ti fi òkú gidi ṣòfò!”

Mo ṣàlàyé fún un pé ẹ̀tọ́ ni ìbò jẹ́, àti pé ẹni tí ó bá pa irọ́ kí ó tó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ gbà pé kì í ṣe ẹ̀tọ́ òun. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dára gan-an, òun yóò máa rántí rẹ̀ bí òun bá wà lórí ìlà.

Ṣùgbọ́n lágilági àgbà ti ki àṣejù bọ ọ̀rọ̀ òkú tirẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá bi í léèrè ìdí tí òkú kan ṣoṣo fi ń gba ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́ta, ó ní olóyè ni baba náà, àṣekágbá òkú rẹ̀ ni ó kù. Inú ọ̀gá bàjẹ́ pé òun kò tíì fẹsẹ̀ òun kí irú òkú bẹ́ẹ̀.

“Èmi fúnra mi ń bọ̀ ní Òkè-Bùkún.”

“Ọ̀gá, ọ̀nà ò dáa.”

“Lọ́rì mi ń gba inú igbó gbé igi jáde.”

“Òjò ń rọ̀ lọ́hùn-ún.”

“Òjò kì í lé olóyè padà sílé. N ó mú aṣọ ìpò wá.”

Aṣọ ìpò ni aṣọ pupa wíwúwo tí wọ́n ń hun ní Bùnù fún òkú àwọn ènìyàn ńlá. Wọn kì í fi í ṣeré. Ọ̀gá lọ yá ọ̀kan ní ìdílé rẹ̀. Lágilági àgbà bá mi ní ẹnu ọ̀nà, ó di ọwọ́ mi mú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta karùn-ún, mo wọ aṣọ mi tí ó dára jù, mo mú lẹ́tà karùn-ún lọ́wọ́, mo dúró níwájú ọ̀gá. Gbogbo àwọn yòókù ti lọ síbi òkú wọn.

“Ta ló kú ní Iyara?”

“Kò sí o, ọ̀gá.”

“Kí lo wá fẹ́ lọ ṣe?”

“Ìbò ni. Ti ààrẹ. Òun ló kẹ́yìn.”

“Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ẹni tí kò ní òkú ń tọrọ ìsinmi! Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń sunkún káàkiri, ìwọ ń wá ibi tí o ó ti lọ tẹ̀ka. Wọlé sínú ọkọ̀. Ìwọ ni yóò bá mi ka ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn.”

Báyìí ni ọ̀gá mi ṣe kọ ẹ̀yìn lọ́rì rẹ̀ sí Iyara, tí ó sì gbé èmi, pákó mẹ́fà àti aṣọ ìpò lọ sí Òkè-Bùkún. Kò sí ohun tí mo rò lójú ọ̀nà bí kò ṣe pé bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá lù, wọn yóò ti àpótí ìbò pa, ó sì lè tó ogún ọdún mìíràn kí ológun tún tó rántí wa.

Nígbà tí a dé Òkè-Bùkún, èrò kún iwájú ilé ìwé. Wọ́n tò gùn bí ejò. Ọ̀gá pa ọkọ̀.

“Olúwa mi o! Òkú yìí ní ènìyàn.”

Mo ní, “Ọ̀gá, ìlà ìbò nìyẹn.” Kò gbọ́. Ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti ṣí fìlà, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà, ó ń bọ àwọn ènìyàn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Okun o. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run yóò tù yín nínú. Ẹ̀yìn olóògbé yóò dára.”

Àwọn ènìyàn náà ń dá ìkíni ilẹ̀ wa náà padà fún un pé, “Okun, okun,” pẹ̀lú ìyàlẹ́nu. Ó dé ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó kan tí ó fi ọ̀pá ti ilẹ̀. Mo rí lágilági àgbà ní ẹ̀yìn bàbá náà gan-an. Ó ń gbìyànjú láti wọ inú agbádá ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Bàbá, ẹ kú ọ̀ràn èèyàn. Kí ni olóògbé jẹ́ sí yín?”

“Olóògbé wo?”

“Àbúrò bàbá ìyàwó lágilági mi.”

Bàbá náà ronú díẹ̀.

“Èmi ni àbúrò bàbá ìyàwó rẹ̀,” ni ó wí. “Ìgbà wo ni mo kú?”

“Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta,” ni ọ̀gá wí, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé e.

Bàbá arúgbó yíjú sẹ́yìn. Ó rí àna rẹ̀ nínú agbádá. Mo rò pé yóò bínú pé wọ́n pa òun, ṣùgbọ́n ohun tí ó béèrè ni pé, “Wọ́n ní ọ̀gá rẹ máa ń fún òkú ní pákó. Tèmi dà?”

“Bàbá, ilẹ̀kùn ilé ìdáná…”

“O fi pósí mi ṣe ilẹ̀kùn!” Ó kọjú sí ọ̀gá. “Olóyè, ẹ gbọ́. Mi ò rí pákó kankan gbà. Èyí tí ó wà nínú ọkọ̀ yẹn, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ fún mi. Aṣọ pupa wo ni mò ń rí yẹn? Aṣọ ìpò? Fún èmi?” Ojú rẹ̀ tàn. “Ẹ sọ ìyẹn náà kalẹ̀.”

“Ẹ ò tíì kú, bàbá!”

“Ẹ fún mi láyè, n ó kú.”

Níbi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ náà ni ọlọ́pàá tí ń ṣọ́ àpótí ìbò dé. Ohun tí òun rí ni pé olóyè kan gbé lọ́rì ẹ̀bùn wá síbi ìdìbò, ó sì ń bọ olùdìbò lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bi í léèrè ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó rán an. Ọ̀gá ní òkú ni òun wá kí. Ọlọ́pàá ní kí ó fi òkú náà han òun. Ọ̀gá nàka sí bàbá arúgbó. Bàbá ní, “Okun o, ọmọ mi.”

Ọlọ́pàá di ọ̀gá lápá mú. Mo sì sọ̀rọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti ọjọ́ Àbámẹ́ta kìíní: ìkéde ìjọba, lẹ́tà márààrún, àwọn oníbàárà Lọ́kọ́ja tí kò wá, àwọn òkú tí wọ́n ń tò sórí ìlà. Ọlọ́pàá gbọ́ ọ títí.

“Ìwọ ńkọ́? O ti dìbò?”

“Rárá, sà. Iyara ni tèmi. Ó gbé mi wá síbí ni.”

Ó wo ọ̀gá. “Ẹ yan ọ̀kan. Ẹ gbé e lọ sí Iyara kí wọ́n tó ti ìbò, tàbí kí àwa méjèèjì jọ lọ sí àgọ́.”

Iyara ni ọ̀gá yàn, ṣùgbọ́n kò gbà kí n jókòó sí iwájú. Ó ní ẹni tí ó fẹjọ́ òun sun ọlọ́pàá kò ní fara kan òun. “Lọ sẹ́yìn, lọ ṣọ́ aṣọ ìdílé mi.”

Òjò wẹliwẹli ń rọ̀. Òtútù mú mi lórí pákó náà. Mo kàwé, n kò bẹ̀rù aṣọ; mo na ara mi gbọọrọ lórí pákó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo fa aṣọ ìpò bo ara mi láti orí dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó móoru bí ẹ̀gbẹ́ iná. Oorun gbé mi lọ kí a tó dé Kàbà.

Ẹ wá fojú inú wò ó. Ìlú Iyara, ní ìrọ̀lẹ́, ìlà ìbò ṣì wà níwájú ilé ìwé, ìyá mi dìbò tán ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Lọ́rì sọ́mìlì dé láti Kàbà. Gbogbo ìlú sì ti mọ̀ nígbà náà pé bí lọ́rì yẹn bá gbé pákó wá, òkú ni. Ọ̀gá mi sọ̀ kalẹ̀ láìdé fìlà. Lẹ́yìn ọkọ̀, lórí pákó pósí, ẹnì kan dùbúlẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìpò, bàtà akọ̀wé sì yọ síta.

Ariwo ìyá mi ni ó jí mi. Mo gbọ́ tí ó ń pe oríkì mi, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń béèrè láàrin ẹkún pé, “Ìgbà wo ló joyè tí wọ́n fi aṣọ ìpò bò ó?” Mo dìde jókòó láti sọ fún wọn pé n kò joyè.

N kò tíì rí ìlà tí ó tú ká bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn olùdìbò gba oko lọ. Aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú kan fo fèrèsé. Èkejì gbìyànjú fèrèsé kan náà, ó há. Ìyá mi nìkan ni kò sá. Ó wá sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó di etí mi mú, ó rí i pé ó gbóná, ó sì gbá mi létí.

“Ṣé báyìí ni wọ́n ń wá dìbò ní tiyín?”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, pé n ó kàn wọlé kí n sì tẹ̀ka. Ṣùgbọ́n elétò ìbò, olùkọ́ kan tí kì í fi iṣẹ́ falẹ̀, ti gbọ́ ẹkún ìyá mi, ó sì ti fa ìlà pupa lórí orúkọ mi nínú ìwé.

“Mo ti pa orúkọ rẹ rẹ́,” ni ó wí láti abẹ́ tábìlì. “Òkú kì í dìbò. Ìlànà ni.”

“N kò kú!”

“Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ mi. Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ni yóò fohùn ṣọ̀kan.”

Aago ti kọjá márùn-ún ààbọ̀. Wọ́n fa aṣojú kan yọ nínú fèrèsé, wọ́n pe èkejì wá láti oko. Èyí tí ó há wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ẹgbẹ́ wo lo fẹ́ dìbò fún?”

“Ìkọ̀kọ̀ ni ìbò,” ni mo wí.

“Bí ó bá jẹ́ tiwa ni, mo rí i pé o wà láàyè.”

Èkejì yára sọ pé, “Bí ó bá jẹ́ tiwọn ni, òkú ni. Mo rí aṣọ ìpò pẹ̀lú ojú mi.”

Ìyá mi ní òun ni òun bí mi, òun mọ̀ pé mo wà láàyè. Elétò ìbò ní ìyá kì í jẹ́rìí pé ọmọ òun kú, nítorí náà ẹ̀rí rẹ̀ kò níye lórí. Ó ní agbanisíṣẹ́ mi ni kí ó jẹ́rìí, kí ó sì sọ ìdí tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi dé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ àti nírú ipò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá mi bọ́ síwájú. Àwọn ènìyàn ti ń padà bọ̀ láti inú oko, wọ́n yí wa ká. Ó wò mí, ó wo èrò, ó dé fìlà rẹ̀.

“Akọ̀wé mi nìyí,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì kún gbogbo ọgbà ilé ìwé. “Ó wà láàyè. Ó rẹ̀ ẹ́ ni, nítorí pé òṣìṣẹ́ takuntakun ni. Èmi fúnra mi ni mo dá iṣẹ́ mi dúró, tí mo fi ọkọ̀ mi gbé e wá sí ìlú rẹ̀ láti dìbò, gẹ́gẹ́ bí òfin ti pàṣẹ fún gbogbo agbanisíṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí.”

Báyìí ni mo ṣe mọ̀ pé ó ka lẹ́tà mi.

Èrò náà pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan kúnlẹ̀ kí i. Elétò ìbò kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀, ó wá gbójú sókè sí mi.

“Ṣé òtítọ́ ni ohun tí ọ̀gá rẹ sọ?”

Mo wo aago tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí mo bá ní irọ́ ni, ẹ̀rí ọ̀gá di asán, mo sì padà di òkú títí aago mẹ́fà yóò fi lù. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi kọ̀ láti pa irọ́ kí n tó gba ẹ̀tọ́ mi. Ìyá mi ń wò mí. Àtàǹpàkò mi mọ́ tónítóní.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni mo wí.

Wọ́n fún mi ní ìwé ìbò. Mo wọ inú ìyàrá kékeré náà. Mo tẹ̀ka fún ẹni tí mo fẹ́. Mo kà á ní ẹ̀ẹ̀mejì kí n tó ká a. Nígbà tí mo jáde, ọ̀gá bi mí léèrè ẹni tí mo yàn, mo ní ìkọ̀kọ̀ ni. Ó ní, “Pẹ̀lú gbogbo epo tí mo jó yìí?” Ó gun ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé pákó àti aṣọ ìdílé rẹ̀, ó sì fi mí sílẹ̀ níbẹ̀.

Títí di òní, bí mo bá dé Iyara, àwọn àgbà ṣì ń sọ ìtàn ọ̀gá rere tí ó fi lọ́rì gbé òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá dìbò nínú òjò. Wọ́n fi ń bá àwọn agbanisíṣẹ́ ìsinsìnyí wí. Wọ́n ń bi mí pé, “Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?” kí àwọn ọmọ wọn lè gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbò tí mo dì kò ṣeé yí padà, n kò sì fẹ́ yí i padà. Ṣùgbọ́n “bẹ́ẹ̀ ni” tí mo fún elétò ìbò lọ́jọ́ náà, mo gbà á padà.